Fíríìjì Ìyá Ràṣídì àti Èyí tí Ọkọ Rẹ Gbé Dé

Àìlégún, Èjìgbò,
Èkó.

Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùn. Bí Ràṣídì bá kó ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ tí o sì wà lórí ìdúró, wá àga jókòó ná, nítorí ìwé náà gùn. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ tèmi tìrẹ. Mo mọ̀ ọ́. Ohùn tí mo máa ń gbà sórí fóònù fún ọ, o kì í gbọ́ ọ dópin. Wàá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, wàá kọ ọ́ sí mi pé "Màámi, mo ti gbọ́," èmi náà á sì mọ̀ pé o kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìdí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì ju orí rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni mo ṣe ra bébà, tí mo ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nídìí ọjà mi ní Àpákun nígbà tí oníbàárà kò bá sí. Bí o bá rí ibi tí omi ti kán sí i, omi ara ìgò mínírà ni, kì í ṣe omijé.

Mo tún kí ọ kú ilé tuntun. Mo kí ọkọ rẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé náà tù yín lára, kí ẹ gbé e pẹ́, kí ẹ kúrò níbẹ̀ bọ́ sí èyí tó jẹ́ tiyín.

Lọ́jọ́ tí mo wá kí yín ní Òkè-Àfá, láti ẹnu ilẹ̀kùn ni inú mi ti ń dùn. O ti gbálẹ̀, o ti ta kọ́tìnì tó bá ara ògiri mu, ọbẹ̀ rẹ sì ń ta sánsán láti kíṣìnnì. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ti di ìyàwó ilé lóòótọ́. Oòrùn ti pa mí lọ́nà, òùngbẹ ń gbẹ mí, ni mo bá ṣí fíríìjì láti mú omi. Gààrí ni mo bá níbẹ̀. Gààrí wà lókè, èlùbọ́ wà láàárín, ẹ̀wà sì wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹ̀fọ́ wà. O sáré yọ láti kíṣìnnì, o ní kí n jókòó, pé o ń gbé omi bọ̀, o sì gba ẹ̀yìn jáde lọ ra píọ̀ wọ́tà tútù lọ́dọ̀ aládùúgbò. Mo mu ún. Mo ní ó dùn. 

Nígbà tí mo ń lọ, Múfútàú ọkọ rẹ sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo bi í léèrè, kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni fíríìjì yín ti bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti ṣe díẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò tíì gbé ojú kúrò lára òun, ó wá sọ ìyókù. Ó ní ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní bọ́sítọ́ọ̀pù yín ti wá wò ó, pé ìpẹtà ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú, pé gáàsì tí wọ́n bá rọ sí i, jíjò ló máa jò lọ. Ó ní òun wá ra kékeré kan tuntun, òun gbé e wá láìsọ fún ọ kí inú rẹ lè dùn. Ó ní ṣe lo dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ní kí òun gbé e padà, pé fíríìjì Ìyá Ràṣídì kò ní jáde nínú ilé yẹn. Àwọn ará ilé ń wò ó bó ṣe tún gbé páálí náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Kò fẹjọ́ rẹ sùn mí o. Má torí ìwé yìí bá a jà. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ tó mú mi dúró sójú kan, tí oníkẹ̀kẹ́ ń pè mí tí mi ò gbọ́. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀ bóyá fíríìjì ni kò fẹ́, àbí èmi."

Àbẹ̀kẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn, kí n tó dé ibi tó le.

Àkọ́kọ́: má ṣe tètè pe aláìsàn ní òkú. Nígbà tí Bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mi, inú yàrá kan ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n gbé mi sí, kí n tó wá bá Ìyá Ràṣídì, ìyáálé mi, ní Àìlégún. Yàrá náà kò ní ju fèrèsé kan lọ, ooru rẹ̀ sì le. Nínú èrè tí mo kọ́kọ́ jẹ ni mo ti ra fáànù kan, fáànù ìdúró, tí mo ń nù lójoojúmọ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ọjọ́ kan ó kọ̀, kò yí mọ́. Ó ń kùn hùn-ùn hùn-ùn, ṣùgbọ́n kò yí. Mo gbá a lórí, mo fi ọwọ́ ta á, kò dáhùn. Inú bí mi, mo ní ó ti kú, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé níbi tí à ń da ilẹ̀ sí. Aládùúgbò mi, Ìyá Ṣẹ́gun, bi mí pé ṣé mo ti jù ú nù. Mo ní mo ti jù ú nù, kí wọ́n máa gbé e lọ bó bá wù wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí wọn. Mo jókòó, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí mi lára, mo ti ń gbádùn rẹ̀, mo tilẹ̀ ti ṣí ọrùn aṣọ mi, kí n tó wo fáànù náà dáadáa tí mo rí i pé fáànù mi ni. Nǹkan kékeré kan tó ń ti ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó yí, tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀, ìyẹn nìkan ló kú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn ilé wa níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹnu mi ni mo fi fi í tọrẹ. Mo dá wọn lóhùn pé ẹ kú oríire, mo padà sí yàrá mi, ooru sì fojú mi rí màbo kí n tó lè ra òmíràn. Títí tí mo fi kó kúrò ní Ìsọlọ̀, fáànù yẹn ń fẹ́ Ìyá Ṣẹ́gun.

Látìgbà yẹn, bí nǹkan bá kọ̀ nínú ilé mi, mo kọ́kọ́ máa ń wo ibi tí iná ti ń wọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló jó, tàbí kó jẹ́ iná ló kéré lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni màá pe ẹni tó mọṣẹ́, màá ní kó sọ fún mi ní Yorùbá tó yé mi, kí ló ń ṣe é, kí ló máa pààrọ̀, kó sì fi èyí tó yọ hàn mí. Bí àlàyé rẹ̀ bá ń lọ́ bí ejò, màá pe ẹlòmíràn. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú pé a béèrè. Ẹni tó bá sì bínú, ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn.

Èyí, o ṣe é. O pe èèyàn wá wò ó, ó sì sọ òótọ́ fún ọ. Mo yìn ọ́ fún ìyẹn.

Ìkejì ni òdìkejì rẹ̀, òun ló sì gba ọkàn mi láti kọ: ohun tó bá ti kú, má gbé e pọ̀n.

O mọ ìka ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Ràṣídì tí kì í nà tán. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fà á, o ní kó tọ́, wọ́n á sì máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. O bi mí rí, mo sì sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí Bàbá yín ni a kò ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ. Ní báyìí tí wọ́n ti lọ bá Ọlọ́run wọn, tí ìwọ náà sì ti ní ilé tìrẹ, o tó gbọ́.

Fíríísà kan wà tí Bàbá yín rà fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi tútù àti mínírà ní Àpákun. Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà. Fíríísà yẹn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí pápákọ̀ òfurufú á dúró, wọ́n á ní ti ìyá oníhìn-ín ló tutù jù. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. A rọ gáàsì sí i, ó tutù, láìpẹ́ ó tún gbóná. A pààrọ̀ kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, ó ṣe dáadáa díẹ̀, ó tún padà sí bó ṣe wà. Mo ní ká jẹ́ kí àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ohun èlò tó ti bàjẹ́, gbé e lọ. Bàbá yín kọ̀. Òógùn ojú wọn ni wọ́n fi rà á, etí wọn kò sì fẹ́ gbọ́ pé òógùn ojú àwọn ti di kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Mo mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rà á fún mi, mi ò lè tẹnu mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn níná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń ta ni lọ́wọ́ bí èèrà. Dípò ká gbé e kúrò, ṣe ni a kọ́ bí a ṣe máa bá a gbé. A ń wọ sálúbàtà onírọ́bà ká tó fọwọ́ kàn án. A fi àkísà wé ọwọ́ rẹ̀. À ń sọ fún oníbàárà pé kí wọ́n má fara tì í. Bí ó ṣe ń pẹ́, ó wá jọ pé bó ṣe yẹ kí fíríísà rí nìyẹn.

Ibà dá mi dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ òjò kan, Ìyá Ràṣídì sì ní àwọn máa bá mi lọ jókòó ti ọjà. Nígbà náà, àwa méjèèjì kì í ṣe ọ̀rẹ́. À ń kí ara wa, à ń ṣe ohun tí ìyàwó ilé kan ń ṣe síra, ó parí síbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún wọn nípa sálúbàtà àti àkísà. Òjò ti rin wọ́n. Wọ́n bọ́ bàtà tó kún fún omi sílẹ̀, oníbàárà kan béèrè omi, wọ́n sì fi ọwọ́ tútù di fíríísà mú. Iná gbé wọn, kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló rí i pé ìdúró wọn kò dára, ló fi igi gbá wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣubú sínú omi. Àwọn ará Àpákun ló gbé wọn dé ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni tó wá pe Bàbá yín.

Ọlọ́run dá wọn sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn jóná dé inú, ìka náà kò sì nà mọ́. Nígbà tí Bàbá yín dé láti ọsibítù, wọn kò tilẹ̀ jẹun. Wọ́n lọ sí Àpákun, àwọn fúnra wọn bá àwọn oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù gbé fíríísà náà sórí ọmọlanke, wọ́n sì dúró títí ó fi yà ní kọ́nà. Mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ mi bọ́ ìyáálé mi títí ọwọ́ wọn fi lè gbé ṣíbí. Ìdí oúnjẹ yẹn ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí a sì di ohun tí ẹ bá wa lónìí. Mo dúpẹ́ pé mo ní wọn, ṣùgbọ́n n kì bá ti bẹ Ọlọ́run kó gba ibẹ̀ yẹn mú wa dé ibi tí a dé.

Nítorí náà, ohun èlò tó bá ń gbé èèyàn níná, tó ń rùn bí ohun tó ń jóná, tàbí tí wáyà rẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́, yọ ọ́ kúrò nínú iná lójú ẹsẹ̀, má sì dá ọgbọ́n kankan sí i. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá lè tún un ṣe dénú, kó tún un ṣe. Bí kò bá lè ṣe é, kó máa lọ. Bákan náà, bí àìsàn kan náà bá ń padà wá lẹ́yìn tí a ti tọ́jú rẹ̀ tí a tún tọ́jú rẹ̀, ó ti sọ fún wa pé ó tó. Àwa la kì í fẹ́ gbọ́. Má torí pé ẹnì kan làágùn kó tó rà á ní kí ẹlòmíràn fara gbọgbẹ́ nídìí rẹ̀.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ti bùlẹ́ńdà. Ẹ̀yin ọmọ ti fi í ṣe mí lẹ́fẹ̀ẹ́ títí. Oṣòdì ni mo ti rà á, nítorí pé ó pupa tó sì ń dán, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Rọ́bà kékeré kan ló já nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo yí Oṣòdì ká, mo dé Ìsọlọ̀, mo ní kí Ràṣídì bá mi wò ó ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò sí irú rọ́bà yẹn níbì kankan. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà títí di òní, Ìyá Ràṣídì sì ń pè é ní àlejò. Kí ẹ tó ra nǹkan, ẹ lọ bá ẹni tó máa ń tún un ṣe ládùúgbò yín, ẹ bi í pé irú èwo ni páàtì rẹ̀ wà. Mo bi Múfútàú bó ṣe yan èyí tó rà. Ó ní ọkùnrin bọ́sítọ́ọ̀pù yẹn lòun lọ bi, pé òun ló ní irú rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, páàtì rẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Sìdí, ọkọ tó ronú báyẹn kó tó náwó, ṣé o mọ iye obìnrin tó ń fi ààwẹ̀ tọrọ irú rẹ̀?

Ní báyìí mo ti dé ibi tó le.

Mo mọ ìdí tí o ṣe ṣe ohun tí o ṣe. Fíríìjì yẹn kì í ṣe fíríìjì lójú rẹ. Nígbà tí mo bá ti lọ sí Àpákun láàárọ̀, yàrá Ìyá Ràṣídì ni o ń gbé títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di irun rẹ, ibẹ̀ ni o ti kọ́ bí a ṣe ń kírun. Lásìkò ààwẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀yin ọmọ àdúgbò á ti tò sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á máa bu omi tútù fún yín níkọ̀ọ̀kan láti inú fíríìjì yẹn, ìwọ lò ń bá wọn mú ife. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, wọ́n ní kí wọ́n gbé e tẹ̀ lé ọ, pé ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ mu omi gbígbóná nílé ọkọ. O sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí o ṣe sunkún nígbà tí mo ń ṣàdúrà fún ọ. Mo rí i. Mi ò jowú. Inú mi dùn sí i.

Nítorí náà, nígbà tó kú, o kò lè gbé e jáde. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wọ́n á ní ọmọ tí àwọn tọ́ ti ju ẹ̀bùn àwọn sí àkìtàn. O fi gààrí sínú rẹ̀, kí ó má bàa ṣófo. Ìwà ọmọlúàbí ni o rò pé ò ń hù, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Níbi tí o ti ń pọ́n ẹ̀bùn kan lé, o lé ẹ̀bùn mìíràn padà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó ti kú, o fún un ní àyè nínú pálọ̀. Èyí tó wà láàyè, o ní kó máa lọ, lójú àwọn ará ilé. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kì í ṣe owó ni wọ́n kó lọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Ojú tó fi gbé e wá, ayọ̀ tó wà lára rẹ̀ bó ṣe ń gòkè àtẹ̀gùn, ìyẹn ni. O sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Irú wọn, ohun tí wọ́n bá gbé wá ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ohun tó o bá fẹ́ sọ fún un, o lè sọ ọ́ nínú yàrá. O lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ fi tó Ìyá Ràṣídì létí." Kì bá ti dúró ni? Nínú ilé tọkọtaya, ká tún nǹkan ṣe tàbí ká ra tuntun, ẹnu méjì ló yẹ kó dá a. Bí ẹ kò bá tíì fẹnu kò, kí ẹnikẹ́ni má gbé jáde, kí ẹnikẹ́ni má gbé wọlé. Màá sọ èyí fún òun náà nígbà tí mo bá rí i, nítorí pé ìyàlẹ́nu dára fún ẹ̀bùn kékeré. Ohun tó máa gba ìdajì pálọ̀, ó yẹ kí obìnrin gbọ́ sí i.

Mo fẹ́ kọ̀wé mi parí síbẹ̀, kí n sì sọ fún ọ pé kí o lọ bá Ìyá Ràṣídì fúnra rẹ. Mo wá rò ó pé ẹ̀rù tó ti dè ọ́ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí lè máà jẹ́ kí o wá. Ni mo bá lọ bá wọn. Má bínú sí mi.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àṣálẹ́ tán ni, wọ́n jókòó sórí ẹní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti gààrí, ti gáàsì tó ń jò, ti páálí tó wà ní Ìsọlọ̀. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, wọ́n ń fọwọ́ pa ẹní náà bí ẹni ń tọ́ ọ, mo sì ń rò ó pé bóyá ǹ bá má sọ.

Wọ́n ní, "Àlímọ̀tù, ṣé irin ni mo fún ọmọ yẹn?"

Àwọn fúnra wọn ló dá a lóhùn.

"Omi tútù ni mo fún un. Irin yẹn kàn bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Bí kò bá lè gbé e mọ́, kí ọkọ ẹ̀ máa gbé e."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn wọn wá rẹlẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé àwọn le tó bẹ́ẹ̀, tí ọmọ àwọn kò fi lè wá sọ fún àwọn pé fíríìjì bàjẹ́. Mo ní kì í ṣe líle, ìfẹ́ ni. Wọ́n ní kí ìfẹ́ náà máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Ti fíríìjì kò dùn wọ́n rárá. Wọ́n tilẹ̀ ní ó pẹ́ jù bí àwọn ṣe rò lọ, pé àwọn ti rò pé kò ní dé Òkè-Àfá kí ó tó dákẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, má ṣe pe èmi. Dúró de ọkọ rẹ. Bó bá ti jẹun tán, kúnlẹ̀ fún un bí a ṣe kọ́ ọ, kí o sì sọ fún un pé kì í ṣe òun ni o kò fẹ́. Sọ ọ́ jáde lẹ́nu, má ṣe rò pé ó mọ̀. Bó bá bi ọ́ pé ta ló dá sí ọ̀rọ̀ yìí, sọ fún un pé èmi ni, kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sí Ìsọlọ̀ láti gbé e. Ìwọ náà di ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà mú, kí ẹ jọ gbé e gun àtẹ̀gùn yẹn, kí àwọn tó rí i nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè rí i nígbà tó ń gòkè. Fíríìjì àtijọ́, kí ẹ pe oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, kí ẹ sì sọ fún un pé ó ń jò, kí ó má lọ tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Fọ inú rẹ̀ kó tó lọ. Bí omijé bá wá, jẹ́ kó wá, kò burú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọkàn mi balẹ̀ lórí yín. Ọ̀dọ́ ni yín, ọkọ rẹ ní sùúrù, ìwọ sì ní ojú àánú. Ohun tó bàjẹ́ láàárín yín kò tíì dé inú, ó ṣeé tún ṣe kó tó di ọ̀la. Ọlọ́run tó so yín pọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀bùn di ìjà láàárín yín mọ́. Ohun tí ẹ bá rà á pẹ́ fún yín, ohun tí ẹ bá tún ṣe á dúró. Omi tútù ilé yín á tó yín mu, á kù fún àlejò, á kù fún àwọn ọmọ tí ẹ ó bí. Àmín.

Ìyá Ràṣídì ní àwọn ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn wọ́n, wọn kò tíì kọjá mọ́ṣáláṣí ìdí ilé wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní wọ́n á dé Òkè-Àfá, Ràṣídì sì ti ní òun á fi mọ́tò gbé wa. Wọ́n ti yọ ìborùn tuntun síta láti àná. Má fi ata púpọ̀ sí ọbẹ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n, wọ́n á sì ní kí o fún àwọn lómi. Má dìde. Jẹ́ kí Múfútàú ṣí fíríìjì rẹ̀, kí òun gbé e fún wọn, kí o sì jókòó síbẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ṣàdúrà fún un.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlímọ̀tù.